Takisí Tí Mo Fi Pamọ́ fún Àna Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Àgùdà lẹ ní kí n wá sọ bí mo ṣe ṣiṣẹ́ jẹun, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó yàn. Ó yẹ kí ẹ bi ẹlòmíì. Lọ́yà wà nílé kejì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi tí mo wa takisí títí orúnkún fi kọ̀ fún mi lẹ wá ká mọ́lé. Kò burú. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí ìtàn akọni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yìí, ó sì máa tì mí jù báyìí lọ kí n tó parí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Àlàó lorúkọ tí ìyá mi ń pè mí. Nígbà tí mo jáde ìwé Módà, èyí tí à ń kà lẹ́yìn ìwé mẹ́fà nígbà náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi wá sí Muṣin, ó fà mí lé onítakisí kan lọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Síkírù. Ọ̀gá mi pupa, wọ́n kúrú, ẹnu wọn mú bí abẹ. Ọkọ̀ ìjàpá ni wọ́n ń wà nígbà náà, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bí ẹrù tí aláàárù gbé kọ́.

Ẹ lè rò pé sítíárìn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Rárá o. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n lọ jókòó sí. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò jókòó sẹ́yìn rí, kí ló mọ̀ nípa èrò?" Wọ́n á so aṣọ mọ́ mi lójú, wọ́n á máa wa ọkọ̀ lọ, wọ́n á ní kí n dárúkọ àdúgbò tí a dé. Kòtò ni mo fi ń dá ọ̀nà mọ̀. Ti Muṣin jinlẹ̀, ó máa ń gbé èèyàn sókè kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ti Sùúrùlérè kéré, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Bí a bá kọjá lórí ojú irin ní Yábà, ìdí mi á dún lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí mo bá ṣì í, bẹ́líìtì fáànù á bá mi lẹ́yìn. Ọ̀gá mi á ní, "Kòtò yìí lo jẹ lánàá! O ti gbàgbé adùn rẹ̀ ni?"

Òfin wọn kejì ni pé ojú dírẹ́bà jẹ́ ti ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni ti èrò. Ohun tí èrò bá sọ, o ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya kan ń jà lẹ́yìn ọkọ̀ nítorí irun tí obìnrin náà dì. Ọkọ ní ó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan títí àwọn yẹn fi sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ táyà àpamọ́, wọ́n gbé e lé mi lórí ní Ọ̀nà Ìkòròdú, wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín bọ̀ nílé. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Muṣin pẹ̀lú táyà lórí, àwọn ọmọ iléèwé sì ń kí mi ní Bàbá Olóṣùká. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo kọ́ṣẹ́ náà yanjú, mo gba láísẹ́ǹsì, mo di dírẹ́bà.

Lẹ́yìn èyí ni mo rí Àdùkẹ́. Bàbá rẹ̀ ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, gbogbo èèyàn sì ń pè wọ́n ní Bàbá Gáàdì, nítorí iṣẹ́ gáàdì rélùwéè ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe. Àwọn ló ń dúró lẹ́yìn pátápátá nínú tíréènì, tí wọ́n ń ju àsíá kó tó gbéra. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń retí fèrè. Ìgbà tí àwọn ẹbí mi lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi wọ́n, pé iṣẹ́ wo ni ọmọkùnrin náà ń ṣe. A ní takisí ni.

Bàbá Gáàdì dìde dúró. Wọ́n ní, "Rélùwéè ló tọ́ mi, mọ́tò ló ń pa á. Ẹ wá ní kí n fọmọ fún ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Mo fẹ́ràn Àdùkẹ́, mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, mo wá iṣẹ́ akọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta páànù ní Yábà. Bàbá gbọ́ pé mo ti di akọ̀wé, wọ́n fún mi lọ́mọ. A bí Kọ́lá, a bí àbúrò rẹ̀. Ìgbà tó dára nìyẹn, kò sì pẹ́.

Nígbà tí ìlú le, tí owó náírà ń ṣubú bí ọ̀mùtí, ilé iṣẹ́ wa pè wá jọ sí gbàgede, wọ́n ní kí àwa kan máa lọ sílé. Mo wá iṣẹ́ títí bàtà mi fi lu. Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn, mo padà sídìí takisí. Kì í ṣe tèmi, ti ẹlòmíì ni, mo sì ń fi iye kan lé e lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ náà, Àdùkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá Kọ́lá, mi ò ní kí ẹ má ṣe é o. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá mi gbọ́."

"Wọn ò ní gbọ́," ni mo wí.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe yìí ni mo gbé sọ́rùn bí ọmọ tuntun. Takisí ìlú Èkó, ẹ mọ̀ ọ́n, yẹ́lò ni, ó ní ìlà dúdú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fi aṣọ bò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ kí Bàbá, màá gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Òyìngbò, màá bọ́ fìlà, màá so táì, màá gbé báàgì ọ́fíìsì àtijọ́. Sálúbàtà àti ìwé ìròyìn àná ló wà nínú rẹ̀. Màá fẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn, màá dọ̀bálẹ̀.

"Ọ́fíìsì ńkọ́?" ni wọ́n á wí.

"A dúpẹ́ sà."

Lọ́jọ́ kan tí èmi pẹ̀lú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, onítakisí ẹgbẹ́ mi kan kọjá, ó na orí jáde. "Àlàó! Epo ti dé sí Jíbówú o! Sáré!" Mo sọ fún Bàbá pé dírẹ́bà ọ́fíìsì wa tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún irú wọn.

Nítorí Bàbá, mi ò gbé èrò lọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Kí ẹ sì wo bí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ṣe sún mọ́ Yábà tó, kí ẹ wo iye èèyàn tó ń lọ síbẹ̀! Wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á ní "Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta," màá gbọn orí, màá kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé mo jẹ gbèsè lóhùn-ún ni, tàbí pé àwọn baba ńlá mi ka ibẹ̀ léèwọ̀. Wọ́n sọ mí ní Má-lọ-Ẹ̀bútẹ́. Owó tí ì bá wọ àpò mi ń bá ẹlòmíì lọ, ebi sì ń pa ọmọ mi nílé. Ìtìjú mi ní owó orí, àwọn ọmọ ló ń bá mi san án.

Ebi ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Iye tí mo ń fún olówó ọkọ̀ kì í dín, òjò ìbáà rọ̀, epo ìbáà wọ́n. Táyà mi dán bí orí apárí. Bí mo bá gun orí bíríìjì Ìjọra, màá pa ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ máa fúnra rẹ̀ yọ̀ lọ sílẹ̀, kí epo lè ṣẹ́kù. Bí èrò bá ní, "Dírẹ́bà, kí ló dé tó dákẹ́?" màá ní mo fẹ́ kí wọ́n gbádùn afẹ́fẹ́ ni. Nílé, ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ wa kò ju kó fi òórùn jẹ́rìí pé òun kọjá níbẹ̀. Mo máa ń parọ́ pé mo ti jẹun níta. Àdùkẹ́ náà máa ń parọ́ pé òun ti jẹ ṣáájú. Ó ń ta epo kẹrosíìnì ní ìgò-ìgò níwájú ilé. Kó tó lọ kí bàbá rẹ̀, ó máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ bọ ọwọ́ kí òórùn má baà fi wá hàn. Bí mo bá rí i tó ń bọwọ́ báyìí, n kì í lè dúró nínú yàrá.

Ọkọ̀ náà ń yí padà lójú wa. Ìjàpá tí mo fi kọ́ṣẹ́ kì í mu omi rárá. Bó bá kọṣẹ́, sípánà kan àti okùn rọ́bà ti tó. Nígbà ayé Ọ̀gá Síkírù, mítà wà níwájú ọkọ̀ tó ń ka owó fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa kàn mí, mítà ti kú, ibi tí a ń fi tẹ̀sùbáà kọ́ ni. Ẹnu ni a fi ń ná owó ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó wá dé lẹ́yìn, kì í ṣe etí lẹ fi ń mọ àìsàn wọn mọ́, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀. Mo kí wọn kú orí ire. Èyí tí mo ń wà ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ tó ń mu omi nínú ni, ṣùgbọ́n tó kórìíra omi níta. Bí òjò bá ta sí i nínú, á kú.

Òjò ń rọ̀ láti òwúrọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní Ojúẹlẹgbà, bàbá arúgbó kan tó fi agbòjò bojú na ọwọ́, mo dúró. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé sẹ́yìn, ó pa agbòjò dé. Bàbá Gáàdì ni.

Ohun tó yẹ ọmọ tí a bí ire kò ju kí n sọ̀kalẹ̀, kí n na gbalaja sínú omi yẹn, kí n ní, "Ẹ káàsán sà." Kò sí ibi tí àna ti ń kọ ẹ̀yìn sí bàbá ìyàwó rẹ̀ láìkí i. Mo fa fìlà wálẹ̀ bo ojú. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, nǹkan funfun ti bò ó. Ohùn mi nìkan ni wọ́n lè fi dá mi mọ̀.

"Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Èló ni?"

Mo fún imú, mo bọ́ sí èdè pijin bí ọmọ Wàrì. "Baba, bring anything."

"Anything kẹ̀?" Bàbá bínú. "Dírẹ́bà tó bá ní kí n mú ohunkóhun wá, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní búréèkì. Pè é lówó!"

Mo pè é ní owó kékeré. Wọ́n ní ó kéré jù, pé àbí mo jí ọkọ̀ náà ni. Mo gbé e sókè. Wọ́n ní olè ni mí. Bí mo ṣe wá jókòó tí mo ń bá bàbá ìyàwó mi ná owó nìyẹn, èmi tó yẹ kí n gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kí n tún fi ọ̀wọ̀ sìn wọ́n dé inú yàrá. Bàbá bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, mo bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, a ṣe é parí. Òógùn ń bò mí nínú òjò.

"Ṣé o gbọ́ Yorùbá?" ni wọ́n bi mí.

"Small-small, Baba."

"Ó dáa. Ó sàn kí èèyàn rí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Àgùdà, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un, ojú tì mí, mo gbé e padà bọ̀. Mo ní ọkọ ọmọ kan. Akọ̀wé ni ní Yábà. Ó ń so táì, ó ń gbé báàgì, ṣùgbọ́n ọmọ mi ń rù. Ọmọ ọmọ mi wọ bàtà yíya wá kí mi. Owó oṣù akọ̀wé dà? Obìnrin kan wà níbì kan tó ń bá a jẹ ẹ́. Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ kì í wo ojú mi. Ìwọ tí o jẹ́ dírẹ́bà, o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó rẹ. Mo mọ̀."

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ sọ pé kò sí obìnrin kankan, pé ọkọ̀ tí ẹ jókòó sí yìí ló ń jẹ ẹ́. Mo ní, "Sorry, Baba," mo tẹ epo.

A dé Costain, omi ti gba títì. Mo rọra wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Kí n tó yí orí, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

"Baba, no! Siddon!"

"Jókòó sídìí sítíárìn rẹ," ni Bàbá wí. Wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè. "Bí ìwọ bá ń tì í, ta ni yóò wà á? Èmi tí mo ti dúró lẹ́yìn tíréènì, ọkọ̀ kékeré yìí ni yóò bà mí lẹ́rù?"

Mo wo díńgí. Orí funfun bàbá ìyàwó mi ni mo rí nínú òjò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ búùtù takisí mi, wọ́n ń tì. Èmi ọkọ ọmọ wọn jókòó lórí tìmùtìmù. Ẹ̀yin ọmọ mi, irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á pọ̀ láàárín wa, wọ́n á dá ohùn mi mọ̀. Bí mo bá jókòó, wọ́n á máa tì. Mo jókòó.

Ọkùnrin méjì tó ń kọjá bá wọn dá sí i. Ẹ́ńjìnnì jí, ọkọ̀ já síwájú lójijì, Bàbá sì ré lulẹ̀ sínú gọ́tà tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ igbe wọn. Mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ sáàárín títì, mo fò sínú omi, mo fà wọ́n jáde. Ẹsẹ̀ wọn ti ṣẹ́. Ọkọ̀ mi ti tún kú, kò sì sí òmíràn tó lè gba inú omi yẹn kọjá, mo bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin yẹn sì gbé wọn lé mi lẹ́yìn. Mo pọ̀n wọ́n.

Láti Costain ni mo ti pọ̀n wọ́n títí a fi dé ilé ìwòsàn kékeré kan. Omi dé itan mi. Bàbá ń kérora létí mi, wọ́n sì ń súre. "Ọlọ́run yóò gbé ọ bí o ti gbé mi. Ọmọ tí o bí yóò gbé ọ. Ọmọ tí o bí kò ní kú." Ọmọ tí wọ́n ń súre fún yẹn, ọmọ ọmọ wọn ni. Mo ń sunkún, òjò sì ń nù ún.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí wọn. Bàbá wà níbẹ̀, wọ́n dijú, etí wọn là. Mo ní, "Na driver I be." Mo kó gbogbo ohun tó wà lápò mi sílẹ̀ fún ìtọ́jú, mo sá lọ sí Muṣin lọ pe Àdùkẹ́. Mo wẹ̀, mo so táì, mo gbé báàgì, mo tún padà wá gẹ́gẹ́ bí àna, a sì ní ẹnì kan tó rí wọn lọ́nà ló wá pè wá.

Bàbá yíjú sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. "O ti dé, akọ̀wé. Àjèjì kan ló pọ̀n mí wá. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Lọ wá a fún mi. Mo fẹ́ dúpẹ́."

Bí wọ́n ṣe rán mi lọ wá ara mi nìyẹn. Mo jáde, mo dúró lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, mo padà wọlé, mo ní mi ò rí i.

Takisí yẹn bọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí omi ti ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́. Ó pẹ́ kí n tó rí òmíràn gbà. Ẹsẹ̀ Bàbá jiná, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pá. Kò sì sí ẹni tó wọlé kí wọn tí wọn ò sọ ìtàn dírẹ́bà náà fún, bó ṣe ní kí wọ́n mú ohunkóhun wá, bí wọ́n ṣe ní ọkọ̀ rẹ̀ kò ní búréèkì, bó ṣe pọ̀n wọ́n. Gbogbo ohun tí a sọ nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń tún sọ, àfi ọ̀rọ̀ nípa èmi àti obìnrin. Ìyẹn kò jáde lẹ́nu wọn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á wò mí níbi tí mo jókòó sí, wọ́n á ní, "Ọkọ ọmọ tó yẹ kí Ọlọ́run fún mi nìyẹn." Àdùkẹ́ á wolẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, á ní, "Bàbá Kọ́lá, ẹ sọ fún wọn. Èmi ni mo ní kí ẹ má sọ, èmi náà ni mo ń bẹ̀ yín báyìí."

"Kí n ní kí ni? Pé mo jókòó, wọ́n ń ti mọ́tò? Pé mo bá wọn ná owó?"

"Wọ́n á dárí jì yín."

Mo mọ̀ pé wọ́n á dárí jì mí. Ojú ni kò gbà mí láyè. Mo ń sọ pé tó bá di ọdún tuntun. Ọdún tuntun á dé, màá tún so táì. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń le sí i, bí ẹ̀bà àná.

Kọ́lá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ìwé gíga nígbà tí àìsàn dá Bàbá gúnlẹ̀. Ojú wọn ti fọ́ pátápátá. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá, èmi, Àdùkẹ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, a jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mo gbé e dé sàréè. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, èmi ni dírẹ́bà yẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta ló ní kí o wá sọ bẹ́ẹ̀? Àdùkẹ́ ni?"

"Òótọ́ ni sà. Wọ́n ti dá mi dúró níṣẹ́ akọ̀wé, mo padà sídìí takisí. Èmi ni mo ní kí ẹ mú ohunkóhun wá. Ẹ ní ọkọ̀ mi kò ní búréèkì."

"Kò sí ọmọdé kan ní àdúgbò yìí tí n kò sọ ìyẹn fún."

Àdùkẹ́ ti ń sunkún. "Bàbá mi, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ mọ̀."

"Aya rere kì í dójú ti ọkọ rẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi."

Mo fún imú, mo ní, "Baba, na me." Omijé ti dí mi lọ́fun, ohùn náà já.

"Kò dún bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. "Ohùn ọmọkùnrin yẹn ki."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi, ẹ̀rí tí wọn ò ní lè jiyàn rẹ̀. Bí mo bá ní, "Ẹ sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé mo ní obìnrin níta tó ń bá mi jẹ owó ọmọ yín," kò sí ẹlòmíì láyé tó gbọ́ ọ. Wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn obìnrin wà níbẹ̀, ọmọ wọn ọkùnrin wà níbẹ̀. Ṣé arúgbó tó ń kú lọ ni n ó wá dójú tì, pé ó fi ẹ̀sùn àgbèrè kan àna rẹ̀ fún onítakisí? Mo mọ bí ìtìjú ṣe ń rí nínú èèyàn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bàbá na ọwọ́, wọ́n wá orí mi kàn níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.

"Àlàó, n kò bínú sí ọ. O fẹ́ kí inú mi dùn kí n tó lọ ni. Ṣùgbọ́n má gba iyì ẹni ẹlẹ́ni. Ọkùnrin yẹn kò sí níbí láti jà fún tirẹ̀."

"Mo gbọ́ sà."

"Máa wá a. Ọjọ́ tí o bá rí i, bá mi dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Mo gbọ́ sà."

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti papò dà.

Mo wa takisí lẹ́yìn ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbé èrò lọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta bó ṣe wù wọ́n, nítorí kò sí ẹni tí mo ń sá fún níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ dírẹ́bà kì í ṣe iṣẹ́ burúkú, bí ìyẹn lẹ fẹ́ gbọ́. Ó bọ́ ọmọ mi, ó rán wọn níwèé. Èyí tó wù yín nínú iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn yín mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí Bàbá má mọ̀ mí sí dírẹ́bà. Wọn ò mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú, wọ́n sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òpùrọ́ ni mí.